Eegun Àwọn Baba Wa Ń Jẹ́rìí

 

Ní Alápótí àti gbogbo àyíká Ọ̀tà, ilẹ̀ kò sinmi mọ́. Katakata ń tú oko, àwọn tó ra ilẹ̀ ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, ilé iṣẹ́ ń hù bí olú láti Sàǹgó títí dé Agbára, àwọn tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ náà kò jókòó. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ tí à ń gbẹ́ yìí, ilé àwọn Àwórì ni láti ayébáyé, inú ilé ni àwọn baba wa sì máa ń sin òkú wọn sí. Ibi tó di ahoro lónìí, ojú orórì àwọn kan ni. Nítorí náà, kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí ṣọ́bìrì bá kan eegun èèyàn lọ́jọ́ kan.

Kí ni ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ yóò ṣe? Ẹlòmíì yóò kó o dà sígbó. Ẹlòmíì yóò yára fi yẹ̀pẹ̀ bò ó, kí ìròyìn má baà ba ọjà ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ẹlòmíì, kí Olódùmarè má jẹ̀ẹ́, yóò rántí àwọn tó ń wá orí òkú kiri láti fi ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní ògùn owó.

Ìkẹta yìí ló ba orúkọ wa jẹ́ jù. Lónìí, bí wọ́n bá dárúkọ eegun òkú pọ̀ mọ́ ìṣẹ̀ṣe, ọ̀daràn ni aráàlú máa ń rò. Ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ kó yéni: ẹni tó hú òkú láti fi wá owó kì í ṣe ẹni tó ń sin Ifá, olè ni. Ohun tó jí sì ju ẹrù lọ, baba ẹnì kan ni.

Àmọ́ ọ̀nà kẹrin wà tí ọ̀pọ̀ wa kò tíì rò. Àwọn kan wà láyé tó jẹ́ pé bí wọ́n bá rí eegun àtijọ́, ìbéèrè ni wọ́n máa ń bi í. Ta ni ọ́? Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́ nígbà tí o lọ? Iṣẹ́ wo lo ṣe? Kí ló ṣe ọ́? Paleopathology ni àwọn onímọ̀ ń pe iṣẹ́ yìí, ìyẹn ni wíwá àmì ìlera àti àìsàn lára eegun àwọn tó ti kú tipẹ́. Ṣé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ìṣẹ̀ṣe mu, àbí ó ń tàbùkù òkú? Èrò tèmi ni pé ó bá a mu, bí àwọn tó ń ṣe é bá gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ọmọ òkú, tí wọ́n sì dá òkú padà sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

BÍ EEGUN ṢE Ń SỌ̀RỌ̀

Ẹ wo babaláwo nídìí ọpọ́n. Kì í ṣe ojú ẹni tó wá dá Ifá ló ń wò kó tó sọ̀rọ̀, ohun tó tẹ̀ sórí ìyẹ̀rosùn ló ń kà. Ẹni tó ń yẹ eegun wò náà, àmì ló ń kà, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi kọ́ ọ. Eegun ìbàdí ló fi ń mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin, nítorí pé ti obìnrin fẹ̀ kí ọmọ lè ráyè kọjá. Eyín àti orí eegun ló fi ń mọ ọjọ́ orí, pàápàá ti ọmọdé, torí pé orí eegun ọmọdé kì í tíì lẹ̀ mọ́ ara ìyókù. Eegun itan ló fi ń ṣírò bí èèyàn ṣe ga tó.

Àìsàn náà ń fi àpá sílẹ̀. Ikọ́ ife tó bá pẹ́ lára lè jẹ eegun ẹ̀yìn títí ẹ̀yìn yóò fi tẹ̀. Ẹ̀tẹ̀ ń jẹ eegun imú àti ti ìka. Àìtó ẹ̀jẹ̀ lè mú kí òkè ihò ojú lu wínníwínní bíi kànrìnkàn. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó wà lára ohun tí àwọn baba wa ń pè ní àbíkú, lè pa apá kan eegun nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò ráyè dé ibẹ̀.

Eyín ni akọ̀wé tó dára jù nínú wọn. Bí ebi tàbí àìsàn líle bá kọlu ọmọdé nígbà tí eyín àgbà rẹ̀ ṣì ń dàgbà nínú èrìgì, ìlà tín-ín-rín máa ń wà lára eyín náà, ìlà ọ̀hún kì í sì í parẹ́. Ọmọ tí ebi pa nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta, eyín rẹ̀ yóò ṣì máa ro ẹjọ́ ebi náà lẹ́yìn tó bá ti di àgbàlagbà.

Kì í ṣe ìyà nìkan ni eegun ń sọ. Apá tó kán rí, tó sì jinná gún régé, ẹ̀rí ni pé ẹnì kan tò ó, ó dì í, wọ́n sì ń gbé oúnjẹ fún aláìsàn náà títí ara rẹ̀ fi le. Ẹ̀yin tí ẹ ń to eegun, ẹ̀yin ọmọ Ọ̀sanyìn, iṣẹ́ ọwọ́ yín ń bá èèyàn wọ ilẹ̀ lọ. Ó lè ṣojú yín lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ṣùgbọ́n eegun kì í mọ gbogbo ọ̀rọ̀. Àìsàn tó bá tètè pa èèyàn kì í ráyè kọ nǹkan kan sí i lára. Onígbáméjì, ọ̀pọ̀ ibà, àti èyí tó pọ̀ jù nínú ìjà Olóde, wọ́n máa ń lọ láìfọwọ́ kan eegun. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ kan fi kìlọ̀ ní 1992 pé kí ẹnikẹ́ni má yára pe eegun tó ní àpá ní eegun ọ̀lẹ. Ó lè jẹ́ ti ẹni tó lágbára, tó bá àìsàn jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí eegun tó dán sì jẹ́ ti ẹni tí àìsàn pa láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Àpá kì í ṣe ẹ̀gàn. Ẹni tó yè é ló ń ní àpá.

ILẸ̀ IGBÓ Ń JẸ EEGUN

Ṣé wọ́n ti rí irú eegun àtijọ́ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá? Wọ́n ti rí i. Ní 1965, Thurstan Shaw, ẹni tó wá dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ìwalẹ̀ ohun àtijọ́ sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn lẹ́yìn náà, òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ hú inú àpáta kan nítòsí Ìsarun, lápá Àkúrẹ́. Ihò Eléérú ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n fi òkúta ṣe, wọ́n bá eegun èèyàn kan tó ti wà níbẹ̀ fún ohun tó lé ní 11,000 ọdún. Katerina Harvati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún agbárí náà wọ̀n, wọ́n sì gbé èsì jáde ní 2011. Wọ́n ní agbárí náà gùn, ó sì rẹlẹ̀ ju ti èèyàn òde òní lọ, bí ẹni pé ti àwọn tó ti wà láyé tipẹ́tipẹ́ ṣáájú rẹ̀ ni.

Irú rẹ̀ kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Òjò pọ̀ nílẹ̀ igbó, ilẹ̀ náà sì ní ohun kíkan nínú tó ń jẹ eegun díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di yẹ̀pẹ̀. Ohun tí ilẹ̀ jẹ, amọ̀ bá wa tọ́jú díẹ̀ nínú rẹ̀. Lára àwọn ère amọ̀ àtijọ́ tí wọ́n rí ní Ilé-Ifẹ̀, a rí èyí tó fi ẹni tó ní ìpá hàn, a sì rí àwọn mìíràn tí ara wọn kò pé. Àwọn tó mọ ère wọ̀nyí kò fi aláìsàn pamọ́. Ẹni òrìṣà ni wọ́n, ọwọ́ Ọbàtálá ló mọ wọ́n.

Nítorí pé ilẹ̀ wa kì í pa eegun mọ́, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ àwọn baba wa dáadáa gbọ́dọ̀ bá wọn dé òkè òkun, níbi tí wọ́n kó wọn lọ ṣe ẹrú.

ÒKÚ 419 NÍ NEW YORK

Ní 1991, ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ kọ́ ilé ọ́fíìsì ńlá kan ní Broadway, nílùú New York. Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ni wọ́n kan eegun. Itẹ́ òkú àwọn aláwọ̀ dúdú ni, àti ẹrú àti òmìnira, tí wọ́n ń lò kí ọdún 1700 tó dé títí di 1794, tí ìlú sì wá gorí rẹ̀. Wọ́n fojú bù ú pé àwọn tí wọ́n sin síbẹ̀ lé ní 15,000.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: iṣẹ́ kò kọ́kọ́ dúró. Ìjọba ń kánjú kí ilé parí, katakata sì ba àwọn ibojì kan jẹ́. Àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà ló dìde. Wọ́n ṣe ìwọ́de, wọ́n ṣe àìsùn, wọ́n ní baba àwọn nìyí, ìyá àwọn nìyí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n láìbi àwọn. Nígbà tó di 1992, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà dá sí ọ̀rọ̀ náà, gbígbẹ́ sì dúró.

Wọ́n kó òkú 419 tó ti jáde lọ sí Yunifásítì Howard ní Washington, sí ọwọ́ Michael Blakey, onímọ̀ tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú bíi tiwọn. Blakey kó ètò iṣẹ́ náà síwájú àwọn ọmọ òkú, ó sì jẹ́ kí ìbéèrè wọn wà lára ohun tí wọn yóò bi eegun. Mẹ́rin ni ìbéèrè ọ̀hún. Níbo ni wọ́n ti wá? Báwo ni ayé ṣe rí fún wọn? Báwo ni àwọn ọmọ Áfíríkà wọ̀nyí ṣe di ọmọ Amẹ́ríkà? Báwo ni wọ́n ṣe kọ̀ fún ẹni tó ń jẹ wọ́n níyà?

Eegun dáhùn. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ibi tí iṣan ti so mọ́ eegun ti ya, torí ẹrù tó ju agbára lọ. Àwọn kan wà tí ẹrù orí ti ti eegun ọrùn wọn wọ ìsàlẹ̀ agbárí. Àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọmọ ọdún 12 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó lé díẹ̀ ní ọmọ 20 ọdún ní ọta ìbọn láàárín ìhà rẹ̀, wọ́n ti fọ́ ọ lójú, wọ́n sì ti ṣẹ́ ẹ lápá. Obìnrin mìíràn sùn sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tuntun ní apá rẹ̀.

Síbẹ̀, wọn kò gbàgbé ilé. Àgbà obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ibojì rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà 340. Wọ́n ti gbẹ́ eyín iwájú rẹ̀ lọ́nà tí kì í ṣe tòyìnbó, ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 100 sì wà ní ìdí rẹ̀ pẹ̀lú owó ẹyọ. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ mọ ohun tí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí jẹ́. Wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ obìnrin yìí, wọ́n gba òmìnira lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ bá a wọlẹ̀.

Kì í ṣe New York nìkan. Ní Mexico City, wọ́n rí eegun àwọn ọkùnrin Áfíríkà mẹ́ta tí wọ́n sin sí ilé ìwòsàn àtijọ́ kan ní ìgbà tí òwò ẹrú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbilẹ̀ lọ́hùn-ún. Eyín àwọn náà ní ọnà. Rodrigo Barquera àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Jámánì gbé èsì jáde ní 2020: inú eyín ni wọ́n ti rí àmì kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú tí wọ́n ń pè ní hepatitis B lára ẹnì kan, àti àmì àrùn egbò tí wọ́n ń pè ní yaws lára ẹlòmíì. Lẹ́yìn nǹkan bí 500 ọdún, eyín ṣì ń sọ ohun tó ṣe wọ́n.

Ní October 2003, wọ́n dá gbogbo 419 ti New York padà sí ibi tí wọ́n ti hú wọn, nínú pósí onígi tí wọ́n gbẹ́ ní Ghana, pẹ̀lú ìlù àti àdúrà. Nígbà tó di 2006, ààrẹ Amẹ́ríkà kéde ibẹ̀ ní ibi ìrántí orílẹ̀-èdè. Ẹ wo bí ètò náà ṣe tẹ̀ léra: wọ́n tọrọ àyè, wọ́n gbọ́ ẹjọ́, wọ́n sì sin òkú. Àgbà ìlú wo nílẹ̀ Yorùbá ni yóò sọ pé èyí kò bójú mu?

ÒJÉ INÚ EEGUN

Ẹ̀yin ọmọ Ọbàtálá, ẹ mọ òjé, ẹ̀yin lẹ ń fi í sọ́rùn ọwọ́. Òjé yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ rí nínú eegun àwọn ẹrú tí wọ́n sin sí oko ìrèké Newton, ní erékùṣù Barbados. Jerome Handler àti Frederick Lange ló hú itẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Nígbà tí wọ́n yẹ eegun wò, òjé inú rẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tí wọ́n tọ́ka sí jù ni ọtí rum tí wọ́n ń fún àwọn ẹrú: wọ́n fi òjé ṣe lára ohun èlò tí wọ́n fi ń pọn ọtí náà, ó sì ń yọ́ wọ inú rẹ̀. Ní New York náà, òjé inú eyín àwọn ọmọ tí wọ́n bí sílùú náà ju ti àwọn tí wọ́n bí sí Áfíríkà lọ.

Òjé tí à ń gbé mì àti èyí tí à ń fà símú ló ń pani lára jù. Bó bá ti wọ inú ara, eegun a gbà á bí ẹni gba àlejò, nítorí pé ó jọ ohun tó ń mú eegun le. Nínú ara àgbàlagbà, ohun tó lé ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá òjé ló ń wà nínú eegun àti eyín, ó sì lè jókòó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí obìnrin bá lóyún, tí ara rẹ̀ ń bu lára eegun fún ọmọ inú, òjé àtijọ́ náà lè jáde sínú ẹ̀jẹ̀, kó sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ọpọlọ ọmọdé ló máa ń kọlù jù.

Ẹ̀yin ará Alápótí, ẹ̀yin ará Sàǹgó àti Ọ̀tà, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ eegun Barbados fi kàn wá. Ní Zamfara ní 2010, eruku òjé láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400. Ní Ògíjó, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, àyẹ̀wò tó jáde ní 2025 fi hàn pé òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì. Ẹni tó bá ń tú bátìrì nínú àgbàlá, tó ń yọ́ òjé nítòsí ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré, ìwé ló ń kọ sínú eegun àwọn ọmọ náà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin, kó má wọ aṣọ iṣẹ́ wálé, kó fọ ọwọ́ kó tó jẹun, kó sì lọ bi dókítà nípa àyẹ̀wò òjé inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yin olórìṣà náà, ẹ má ṣe fún ọmọ ọwọ́ ní òjé kó máa fi sẹ́nu ṣeré.

Àwọn tó kú sí Newton kò mọ ohun tó wà nínú ọtí tí wọ́n ń mu. Àwa mọ̀, nítorí pé eegun wọn sọ fún wa.

BÍ A BÁ KAN EEGUN NÍ ALÁPÓTÍ

Àwọn àgbà kan yóò ní òkú kò gbọdọ̀ jáde rárá. Mo fara mọ́ ọn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ wá orórì olórórì lọ hú nítorí pé ó fẹ́ mọ nǹkan. Èyí tí katakata ti hú jáde ńkọ́? Ó ti jáde ná. Ohun tó kù ni bóyá a ó fọ̀wọ̀ rẹ̀ wọ̀ ọ́ tàbí a ó kó o dà sígbó.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí iṣẹ́ dúró. Kí ẹnikẹ́ni má gbé e, kí wọ́n má fọ̀ ọ́, kí wọ́n má sì kó ìkòkò, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí owó ẹyọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kúrò, nítorí pé bí gbogbo rẹ̀ ṣe wà nílẹ̀ jẹ́ apá kan nínú ẹjọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n sọ fún baálẹ̀ àti àwọn ọlọ́pàá. Ẹ má fojú kéré ti ọlọ́pàá o. Eegun náà lè má pẹ́ nílẹ̀, ó lè jẹ́ ti ẹni tí wọ́n pa, tí ẹbí rẹ̀ ṣì ń wá kiri.

Bó bá hàn pé ti àtijọ́ ni, òfin ti sọ̀rọ̀. Òfin 77 ti ọdún 1979, èyí tó dá àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kò fàyè gba ẹnikẹ́ni láti máa hú ohun àtijọ́ bó ṣe wù ú. Kí wọ́n ránṣẹ́ sí àjọ náà. Bákan náà, kí wọ́n pe ìdílé tó ni ilẹ̀ láti ìpilẹ̀, kì í ṣe ẹni tó rà á lánàá nìkan, kí àwọn yẹn sì pe àwọn ọlọ́jẹ̀ àti babaláwo wọn, kí wọ́n bi Ifá ohun tí òkú náà ń fẹ́.

Bí àwọn onímọ̀ bá wá láti yunifásítì, ẹ má lé wọn. Ẹ bi wọ́n ní ohun mẹ́ta: ta ni yóò tọ́jú òkú yìí, fún ìgbà wo, ọjọ́ wo ni yóò padà wálé? Kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Èyí tí kò bá lè dáhùn ìkẹta, kó máa lọ. Bí wọ́n bá parí, kí wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n rí fún ìdílé ní èdè tí ìdílé gbọ́. Lẹ́yìn èyí ni ètùtù yóò tẹ̀lé e, tí baba yóò sì padà sùn.

Ohùn nìkan ni èdè wa fi ya eegun àti Eégún sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni ohun tí èèyàn fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀, èkejì ni ará ọ̀run tó padà wá bẹ̀ wá wò, tó ń súre, tó sì ń bá ìlú wí. Bí a bá lè jókòó gbọ́ Eégún, ẹ jẹ́ kí a má ṣe di etí sí eegun. Àwa náà yóò fi tiwa sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kí Olódùmarè jẹ́ kí ire pọ̀ nínú ohun tí yóò sọ nípa wa.